Martin Luther King: Ọkùnrin Tí Ó Kó Ìbọn Kúrò Nínú Ilé Rẹ̀

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa nínú abala yìí, ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá kan tí ó ti papò dà ni a tún gbé wá fún yín. Ẹni náà kì í ṣe àjèjì sí ọmọ kankan tí ó ń lọ sí ilé ìwé ní Amẹ́ríkà níbí, nítorí pé ọjọ́ Ajé kẹta nínú oṣù kìíní ọdọọdún ni ìjọba fi ń ṣe ìrántí rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń gba ìsinmi. Martin Luther King ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa mọ̀ nípa ìwọ́de ńlá tí ó lọ ṣe ní Washington ní ọdún 1963. Apá mìíràn nínú ìgbésí ayé rẹ̀, tí a kì í sábà mẹ́nu bà, ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Ìdí tí a fi yan apá yìí kò fara sin. Bí a bá pàdé níbi ìpàdé tàbí níbi ìkómọjáde, tí oúnjẹ wọra tán, ọ̀rọ̀ àbò ni ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ délẹ̀. Bàbá kan á ní àwọn olè ti fọ́ ilé aládùúgbò òun, pé òun yóò lọ ra ìbọn. Ìyá kan á ní kí wọ́n má ṣe gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ ilé tí ọmọ wà. Ẹlòmíràn á fẹ́ mọ ohun tí òfin wí. Ọkùnrin tí à ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà ní ọdún 1956, nígbà tí ọmọ ọwọ́ wà nílé, tí àwọn ọ̀tá sì ti ju bọ́ǹbù sí iwájú ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí wọ́n ti ṣe é.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1929 ni a bí i ní ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Michael ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí pé orúkọ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1934, bàbá náà rin ìrìn àjò dé ilẹ̀ Jámánì, níbi tí Martin Luther ti bá ìjọ Àgùdà jà láyé àtijọ́. Nígbà tí ó padà délé, ó sọ ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ní Martin Luther. Àwa Yorùbá tí a gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ kò ní kà á sí ohun kékeré.

Ilé pásítọ̀ ni wọ́n bí i sí. Bàbá ìyá rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Ebenezer ní Atlanta, bàbá rẹ̀ sì gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Alberta, a máa tẹ dùùrù nínú ìjọ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi dùùrù yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sí ìdí rẹ̀.

Ọmọ ọdún 15 péré ni nígbà tí ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse ní ọdún 1944. Ó jáde níbẹ̀ ní 1948, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Crozer ní Pennsylvania, ó sì kọjá sí Yunifásítì Boston, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1955. Boston yìí ni ó ti pàdé Coretta Scott, ọmọ ìpínlẹ̀ Alabama, tí wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní 1953. Ní 1954, ìjọ kan ní Montgomery, olú ìlú Alabama, pè é kí ó wá ṣe pásítọ̀ wọn.

Bọ́ǹbù ní Montgomery

Nígbà náà, òfin ni ó ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀ ní Alabama. Ilé ìwé wọn kò pọ̀, ibi tí wọ́n ti ń mu omi kò pọ̀, bí bọ́ọ̀sì bá sì kún, aláwọ̀ dúdú ni yóò dìde fún aláwọ̀ funfun. Ní ọjọ́ 1, oṣù kejìlá, ọdún 1955, Rosa Parks kọ̀ láti dìde, ọlọ́pàá sì mú un. Láti ọjọ́ 5 oṣù náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú ti pa ẹnu pọ̀ pé àwọn kò ní wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Pásítọ̀ King, ẹni ọdún 26, ni wọ́n fi ṣe olórí. Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi fi ẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n sì ń fi mọ́tò gbé ara wọn, kí àṣẹ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tí ó dá wọn láre tó múlẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìhalẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi tẹlifóònù pè é lóru pé àwọn yóò pa á. Ní alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 1956, nígbà tí ó wà ní ìpàdé, bọ́ǹbù bú gbàù ní iwájú ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé pẹ̀lú obìnrin ará ìjọ kan àti Yolanda, àkọ́bí wọn, tí kò ju ọmọ oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sí ẹni tí ó fara pa.

Kí King tó sáré dé, èrò ti kún iwájú ilé. Àwọn kan mú ìbọn dání, àwọn kan mú ọ̀bẹ, àwọn mìíràn mú ìgò. Olórí ìlú àti ọ̀gá ọlọ́pàá wà níbẹ̀, inú àwọn ènìyàn sì ń ru. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti yìnbọn ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kò mọ iye òkú tí ilẹ̀ ìbá fi mọ́ bá. King wọlé, ó rí i pé ìyàwó àti ọmọ òun wà láàyè, ó jáde sí iwájú ilé tí bọ́ǹbù ti bà jẹ́, ó sì bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ohun ìjà wọn padà sílé. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀, wọ́n túká. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ.

Ìwé Àṣẹ Tí Wọn Kò Fún Un

Ẹ má ṣe rò pé ẹni tí kò mọ ìbọn rí ni King. Ìbọn wà nínú ilé rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí Bayard Rustin wá láti New York ní oṣù kejì ọdún 1956 láti ràn án lọ́wọ́, William Worthy, oníwèé ìròyìn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdí lé ìbọn ìléwọ́ kan tí ó wà lórí àga ní pálọ̀. Ẹ wò ó, nínú ilé tí ọmọ ọwọ́ wà!

Lẹ́yìn bọ́ǹbù náà, tí wọ́n sì ju òmíràn sí ilé E. D. Nixon, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, àwọn ará ìjọ àti ọ̀rẹ́ rọ King pé kí ó gba ẹ̀ṣọ́ tí yóò gbé ìbọn. Ó lọ sí ọ́fíìsì sheriff, èyí ni ọ̀gá agbófinró àgbègbè náà, ó béèrè ìwé àṣẹ kí ìbọn lè máa wà nínú mọ́tò òun. Wọn kò fún un. Ọwọ́ ọ̀gá yìí ni òfin Alabama fi í sí láti sọ ẹni tí ó yẹ láti gbé ìbọn àti ẹni tí kò yẹ. Bọ́ǹbù ti bú nílé ọkùnrin yìí, gbogbo ayé sì mọ̀ pé wọ́n ń lépa ẹ̀mí rẹ̀. Síbẹ̀, ní ojú ọ̀gá náà, kò yẹ.

Ìyà ni èyí, a kò sì gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Òfin tí ó dára lórí ìwé lè di ìdẹkùn bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò ka ọmọnìkejì rẹ̀ sí ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó jẹ́ kí a máa rántí King títí dòní. Òun àti Coretta jíròrò ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bí òun ṣe lè máa kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe fi ipá gbẹ̀san, kí ìbọn sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí òun. Wọ́n fẹnu kò pé kí ìbọn kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tiwọn kúrò nínú ilé. Wọ́n gbé iná ńlá sí àyíká ilé, wọ́n gba olùṣọ́ tí kò gbé ìbọn ní ọ̀sán àti ní òru, King sì ṣe ìlérí pé òun kò ní máa dá rìn ní ìgboro mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn yìí sínú ìwé rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé ìgbà tí ìbọn wà nílé ni ẹ̀rù ba òun jù. Ìgbà tí ìbọn kúrò ni òun tó kojú ikú, tí ọkàn òun sì balẹ̀.

Ọ̀bẹ ní Harlem

Ìwé yìí kan náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1958, King jókòó nínú ilé ìtajà Blumstein ní Harlem, ní New York, ó ń fọwọ́ sí ìwé náà fún àwọn tí ó wá rà á. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wá bá a, ó bi í bóyá òun ni King, nígbà tí ó sì dáhùn, obìnrin náà fa ọ̀bẹ irin tí wọ́n fi ń ṣí àpò lẹ́tà yọ, ó gún un ní àyà. Ìbọn ìléwọ́ tí ọta wà nínú rẹ̀ tún wà lára obìnrin náà.

Wọ́n gbé King lọ sí ilé ìwòsàn Harlem pẹ̀lú ọ̀bẹ náà ní àyà rẹ̀. Àwọn dókítà rí i pé ẹnu ọ̀bẹ kan òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó ti inú ọkàn jáde. Bí ó bá ti sín lásán, ìbá ti kú. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un ni ó yọ ọ́.

Orí obìnrin yìí kò pé. King kò béèrè fún ẹ̀san. Ohun tí ó fẹ́ ni kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí ó má baà tún ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá. Ilé ẹjọ́ rí i pé kò lè jẹ́jọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ. Ìjọba kan kò lè gba ọ̀bẹ lẹ́tà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ìtọ́jú ni obìnrin náà nílò kí ó tó gbé ọ̀bẹ rárá. Nínú ìdílé tiwa náà, nígbà tí a bá rí ẹni tí ọpọlọ ń dà láàmú, tí a ń fi pa mọ́ nítorí ìtìjú, ẹ jẹ́ kí a rántí Harlem.

Ó Dé Ọ̀dọ̀ Wa ní Èkó

Inú wa dùn láti sọ pé ẹsẹ̀ King tẹ ilẹ̀ wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, ó wà ní Èkó nígbà tí wọ́n fi Dókítà Nnamdi Azikiwe jẹ Gómìnà Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó rí aláwọ̀ dúdú tí ń gba ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì padà sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọn kò tíì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ ní Gúúsù dìbò.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1962, ó ń bá àpéjọ sọ̀rọ̀ ní Birmingham nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun kan gorí pèpéle, tí ó sì ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lójú léraléra. King sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn fẹ́ ya bo ọmọkùnrin náà, King ni ó ní kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án.

Ọdún 1963 burú. Wọ́n yìnbọn pa Medgar Evers ní iwájú ilé rẹ̀ ní Mississippi ní oṣù kẹfà. Bọ́ǹbù pa ọmọdébìnrin mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Birmingham ní oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy ní Dallas. Orúkọ irọ́ ni wọ́n fi ra ìbọn náà, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó sì gbé e wá, bí ẹni ra bàtà. King sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí òun náà yóò ṣe kú nìyẹn. Ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn pé ẹ̀bi náà kò mọ lórí ẹnì kan. Ó ní ìlú tí ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ìbọn bí ó bá ti wù ú, tí fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sì ń kọ́ ọmọdé pé ẹni tí ó mọ ìbọn yìn ni akọni, ní ìpín nínú rẹ̀.

Kò bá ẹni tí ó dáàbò bo ilé rẹ̀ wí, kò sì sọ pé ọ̀daràn ni. Ohun tí ó kọ̀ ni kí a máa gbé ìbọn lọ sí ibi ìwọ́de, kí a sì máa rò pé ìbọn ni yóò gba ẹ̀tọ́ fún wa. Ó rí i pé àwọn tí ń fìyà jẹ wọ́n ní ìbọn jù wọ́n lọ. Ó tún rí bí òfin ṣe ń yí padà nígbà tí aláwọ̀ dúdú bá gbé ìbọn. Ní California ní 1967, nígbà tí ẹgbẹ́ Black Panther ń gbé ìbọn rìn ní gbangba bí òfin ti gbà wọ́n láyè, kíá ni àwọn aṣòfin ṣe òfin tuntun tí ó dá a dúró, Gómìnà Ronald Reagan sì fọwọ́ sí i.

Ikú Rẹ̀ ní Memphis

Ní 1968, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kó ìdọ̀tí ní Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí kò tó nǹkan àti ìyà tí wọ́n fi ń jẹ wọ́n. King lọ bá wọn dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 4, oṣù kẹrin, bí aago mẹ́fà ti kọjá díẹ̀, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè Hòtẹ́ẹ̀lì Lorraine. Ọta ìbọn kan ṣoṣo ni ó bà á. Ẹni ọdún 39 ni. Ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin sílẹ̀.

James Earl Ray ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Ẹlẹ́wọ̀n tí ó sá kúrò ní ẹ̀wọ̀n ní Missouri ní 1967 ni. Kò ju ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ikú King tí ó wọ ilé ìtajà kan ní Birmingham, ní Alabama, tí ó fi orúkọ irọ́ ra ìbọn. Ẹ fi ojú inú wo ọ̀rọ̀ náà. Ní Alabama ní 1956, pásítọ̀ tí kò hu ìwà ọ̀daràn kankan béèrè ìwé àṣẹ, wọn kò fún un. Ní Alabama kan náà ní 1968, ẹlẹ́wọ̀n tí ọlọ́pàá ń wá fi owó sílẹ̀, ó gbé ìbọn lọ.

Nígbà tí wọ́n tún yìnbọn pa Robert Kennedy ní oṣù kẹfà, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 1968, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ìbọn tuntun. Òfin náà fi òpin sí kí ènìyàn máa gba ìbọn láti ìpínlẹ̀ mìíràn nípa ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní kí oníṣòwò ìbọn gba láísẹ́ńsì, kí ó sì máa kọ orúkọ àwọn tí ó rà á sílẹ̀. Ó tún ṣe é léèwọ̀ fún ẹni tí a ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá àti ẹni tí ó ń sá fún òfin.

Òfin náà kò gba ìyá King sílẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 1974, Ìyá Alberta jókòó ti dùùrù tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan nínú ìjọ Ebenezer, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ méjì, tí ó sì yìnbọn pa á, òun àti díákónì kan. Wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ìdílé King, tí ìbọn ti sọ di aláìlọ́mọ àti aláìníyàá, ni ó ní àwọn kò fẹ́ kí ìjọba pa á. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n yí i sí ní 1995.

Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí Ó Ń Gbé Níbí

Òfin ti yí padà ju bí King ṣe bá a lọ. Láti 1994 ni òfin Brady ti mú un ní dandan pé kí a wádìí ẹni tí ó fẹ́ ra ìbọn lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó ní láísẹ́ńsì. Ní 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ ní kí ènìyàn fi ìdí pàtàkì hàn kí ó tó gba ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn rìn. Ní Alabama tí wọ́n ti kọ̀ fún King, láti ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2023, àgbàlagbà tí òfin kò dá lọ́wọ́ kọ́ lè gbé ìbọn láìgba ìwé àṣẹ rárá. Ní Illinois, New York àti Maryland, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wa mọ́tò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn pẹ̀lú ìbọn lè bá ara rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Òfin ọ̀bẹ náà yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì.

Ohun méjì wà tí a fẹ́ kí gbogbo ìdílé mọ̀. Èkíní, ẹni tí ó wà níbí pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, ìbá à ṣe ti ọmọ ilé ìwé tàbí ti àbẹ̀wò, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ yìí lè mú ẹ̀wọ̀n wá, ó sì lè mú kí wọ́n dá ènìyàn padà sílé. Èkejì, láti 1994 ni òfin ti wí pé ọmọ tí ó bá gbé ìbọn lọ sí ilé ìwé ìjọba yóò kúrò níbẹ̀ fún ó kéré tán ọdún kan, àyàfi bí ọ̀gá ilé ìwé àgbègbè náà bá yí i padà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í fi ojú kékeré wo ọ̀bẹ pẹ̀lú. Ẹ wo inú àpò ìwé àwọn ọmọ yín.

A kò pàṣẹ fún bàálé kankan. Ẹni tí òfin gbà láyè, tí ó sì yàn láti ní ìbọn, kí ó tì í pa, kí ó kó ọta rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ọwọ́ ọmọ má kàn án. Àwọn àgbà wa ti sọ pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, kò sẹ́ni tí yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ rà á, ẹ jẹ́ kí tọkọtaya jókòó bí King àti Coretta ti jókòó, kí wọ́n bi ara wọn léèrè bóyá ààbò ni ó ń bọ̀ wá bá wọn, tàbí ẹ̀rù mìíràn. Iná ní àyíká ilé, aládùúgbò tí a mọ orúkọ rẹ̀, ọmọ tí ó lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún òbí rẹ̀, àti ẹgbẹ́ bí tiwa yìí tí a lè pè lóru, ààbò ni gbogbo wọn.

King kò pẹ́ láyé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbé ìbọn, ọ̀bẹ àti ìgò wá sí iwájú ilé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ bọ́ǹbù náà padà sílé wọn láàyè, wọ́n sì bá a rìn títí wọ́n fi ṣẹ́gun. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ilé wa, kí Ó sì jẹ́ kí gbogbo ọmọ tí ó bá jáde láàárọ̀ máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé nírọ̀lẹ́. Àṣẹ.